Ohùn Ta Ni Ó Wà Ní Etí Wa?

Mo júbà àwọn àgbà kí n tó sọ̀rọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ jẹ̀bi rẹ̀.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n fi mí sùn ní ilé awo. Ẹ̀sùn náà ni pé mo ti ya agbéraga. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, tí ó ń yan ẹja ní etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà níbí, ni ó mú ẹjọ́ wá. Ó ní mo kọjá níwájú òun ní ọ̀sán gangan, òun pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Òun fi orúkọ tí àwọn òbí mi sọ mí pè mí, òun fi orúkọ awo mi pè mí, òun tilẹ̀ kí mi ní "àbọrú", ṣùgbọ́n n kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní ojú ti òun níwájú àwọn oníbàárà òun, pàápàá nígbà tí ọ̀kan nínú wọn, tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa, bú sẹ́rìn-ín tí ó ní, "Ṣé àwọn tí ẹ ń pè ní ọmọlúàbí náà nìyẹn?"

N kò gbọ́ ọ. Mo fi Ifá búra fún ìyá pé n kò gbọ́ ọ. Íàpíìsì tí kò ní wáyà, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ń pè ní pọ́ọ̀dù, ni mo kì bọ etí mi méjèèjì. Olúwo wa ní kí n kó o jáde. Mo kó o lé àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní, "Kí ni ó ń sọ fún ọ nínú rẹ̀?" Mo ní, "Ohùn yín ni, Bàbá." Òótọ́ sì ni. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń ka ẹsẹ Ifá sórí fóònù ránṣẹ́ sí àwa ọmọ awo nípasẹ̀ WhatsApp, kí á lè máa gbọ́ ọ títí yóò fi wọ̀ wá lórí. Òun ni mo ń gbọ́ lọ lójú ọ̀nà. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àwọn ni wọ́n rẹ́rìn-ín kẹ́yìn, wọ́n wá sọ pé, "Ohùn mi tí kò jẹ́ kí o gbọ́ ohùn ìyá rẹ, kì í ṣe Ifá ni ó ń kọ́ ọ." Wọ́n ní kí n ra obì àti ọtí kan wá, kí n dọ̀bálẹ̀ fún ìyá. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá súre fún mi, ó sì fún mi ní ẹja méjì lọ sílé.

Ẹjọ́ parí níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò parí nínú mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kíyè sí ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo ẹni tí ó kì nǹkan bọ etí ní gbangba, ojú tí àwa àgbà àti ọ̀dọ́ Ìṣẹ̀ṣe fi ń wo ara wa lórí rẹ̀, àti ohun tí ojú méjèèjì lè kọ́ wa. Èrò tèmi nìyí: íàpíìsì kì í ṣe ọ̀tá àṣà wa, ṣùgbọ́n àwa tí à ń fi í ṣe ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fún un ní òfin, kí á sì lo ohun tí ó ti ṣe sí ojú ayé láti jà fún iyì ti ara wa.

Ẹ jẹ́ kí á rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1979 ni ilé iṣẹ́ Sony ní Japan gbé Walkman jáde, tí ẹnìkan fi lè máa dá orin gbọ́ bí ó ti ń rìn. Ní ọdún 2001 ni fóònù GSM wọ Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ni àwọn olówó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èyí tí kò ní wáyà sí etí kan ṣoṣo, tí wọn kì í yọ ọ́ ní òde ìnáwó, kí a lè mọ̀ pé ènìyàn pàtàkì ń pè wọ́n. Ní ìparí 2016 ni Apple gbé AirPods dé ọjà, kò sì pẹ́ tí àwọn tí ó jọ ọ́ fi kún orí àtẹ àti ọwọ́ àwọn ọmọ tí ń kiri ọjà láàrin súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Lónìí, ọmọ tí ń wa kẹ̀kẹ́ Marúwá ní Ìlàjẹ ní in, ọmọ Yunifásítì Èkó tí ó ń gbé ní Akọkà ní in, ọmọ tí ń gbẹ́ yanrìn nínú ọ̀sà náà ní in.

Ní àkókò tí ó kọ́kọ́ dé, ẹni tí ó bá ń dá sọ̀rọ̀ lójú títì, wèrè ni a ń pè é. Mo rántí bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń yà fún ẹni bẹ́ẹ̀, tí wọn yóò wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá fóònù wà níbẹ̀, tí wọn yóò wo etí rẹ̀, kí ọkàn wọn tó balẹ̀. Nísinsìnyí, kò sí ẹni tí ń wo ẹ̀yìn mọ́. Bí ènìyàn bá ń ju ọwọ́, tí ó ń pariwo, tí ó ń rẹ́rìn-ín fún ẹni tí a kò rí, a ó kàn sọ pé ó ń pe ẹnìkan ni.

Èyí ni ó gbé mi dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù. Bí mo ṣe ń gbọ́ ẹsẹ Ifá létí, bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń tún un kà sókè bí mo ti ń rìn. Fún ọ̀pọ̀ oṣù ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ibùdókọ̀ títí dé etí omi, kò sí ẹni tí ó wò mí lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ kan, iná tán nínú íàpíìsì náà. Mo yọ ọ́, mo fi sí àpò, mo sì ń bá ẹsẹ tí mo ń kà lọ. Ohùn kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà ni, ojú ọ̀nà kan náà ni. Ìyàwó ilé kan tí ó ń bọ̀ níwájú fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó gba òdì kejì títì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wo ìdẹ Ifá tí ó wà ní ọrùn ọwọ́ mi, ó ní, "Babaláwo ni, ẹ má dá a lóhùn." Ohun kékeré funfun tí kò tó ẹyọ ẹ̀pà ni ó ti ń sọ mí di ènìyàn tí orí rẹ̀ pé. Ìgbà tí mo yọ ọ́ ni mo di wèrè, tàbí ohun tí ó burú ju wèrè lọ lójú wọn.

Ẹni tí kò gbọ́ èdè ẹga ní í sọ pé ẹga ń pàtótó. Ṣùgbọ́n kí ni ó mú kí àwọn ọmọ Yorùbá, tí àwọn bàbá wọn gbọ́ èdè ẹga, máa gbà pé ẹni tí ń bá ẹni tí kò sí níwájú rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ ni olóye, tí wọ́n sì gbà pé ẹni tí ń bá orí rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní òwúrọ̀ kò mọ ohun tí ó ń ṣe? Àwa tí a mọ ìdí Ifá mọ̀ pé ẹni tí ó bá wá dá Ifá kì í sọ ohun tí ó bá a wá fún babaláwo. Ó máa ń sọ ọ́ sí owó kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ó tó fi lélẹ̀. Láti ìgbà láéláé ni a ti mọ̀ pé ènìyàn lè fi ẹnu sún mọ́ ohun kékeré kan ní ọwọ́ rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dé ibi tí ojú kò tó. Bí a bá ní kí á wá ẹni tí íàpíìsì kò yẹ kí ó ya lẹ́nu ní gbogbo ayé, àwa ni.

Ẹ tún gbọ́ èyí. Bluetooth ni orúkọ ọ̀nà tí fóònù ń gbà bá íàpíìsì tí kò ní wáyà sọ̀rọ̀. Orúkọ ọba ni. Ọba kan jẹ ní Denmark ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, Harald ni orúkọ rẹ̀, Bluetooth sì ni ìnagijẹ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó so àwọn ènìyàn rẹ̀ pọ̀ ṣọ̀kan. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń wá orúkọ fún ohun tí yóò so ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ ní àwọn ọdún 1990, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n mú. Àmì tí à ń rí lórí fóònù, lẹ́tà méjì ni, lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ọba náà àti ti ìnagijẹ rẹ̀, tí wọ́n fi ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn baba ńlá rẹ̀ kọ, tí wọ́n lẹ̀ pọ̀. Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Harald yìí náà ni ó gbẹ́ ọ sára òkúta ní Jelling pé òun sọ àwọn ará Denmark di Kristẹni. Ó kúrò nínú ẹ̀sìn àwọn baba rẹ̀, síbẹ̀ lẹ́tà àtijọ́ wọn ni ó wà ní àpò gbogbo ayé lónìí. Ojú kò ti àwọn tí ó fi í síbẹ̀. Àwa, tí UNESCO kéde ètò Ifá wa ní 2005 pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ogún iyebíye ọmọ aráyé, ọmọ wa ń fa apá aṣọ bo ìdẹ kí ó tó wọ ọ́fíìsì.

Ojú tí ayé fi ń wo ohun tí ènìyàn fi sára kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní ilẹ̀ yìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú síta tí wọ́n ní kí wọ́n tú ẹ̀ka ọlọ́pàá SARS ká, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn wọn ni pé irun dàda, ara fínfín àti fóònù olówó ńlá tó láti fi pe ọmọ ènìyàn ní ọlọ́ṣà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù ní Nàìjíríà dájọ́ pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè wọ híjáàbù ní ilé ìwé ìjọba ní Èkó. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, agbẹjọ́rò Malcolm Omirhobo gbé ẹ̀wù agbẹjọ́rò wọ̀, ó ki ìyẹ́ bọ fìlà, ó so owó ẹyọ mọ́ra, ó sì wọ ilé ẹjọ́ kan náà láìwọ bàtà, pé bí òun ṣe ń sìn nìyẹn. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó gbé kalẹ̀ kò tí ì kúrò nílẹ̀: ta ni ó ń pinnu ohun tí ó bójú mu lára ènìyàn? Íàpíìsì dáhùn díẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sí òfin tí ó sọ ọ́ di ohun iyì. Àwọn tí ń lò ó ni kò fi í pamọ́, títí tí ojú fi mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á padà sí ìdí ẹ̀sùn ìyá, nítorí ìyá kò jẹ̀bi. Ẹ̀sìn wa, etí ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí a kò gbọ́ lẹ́nu àgbà, a kò ní in. Ìkíni sì ni ìbẹ̀rẹ̀ gbígbọ́. Yorùbá kò fi ìkíni kankan ṣòfò: a ní èyí tí a fi ń kí onídìrí, a ní èyí tí a fi ń kí aláró, a ní ti ẹni tí ó wà nídìí iná àti ti ẹni tí ó jókòó láìṣe nǹkan kan. Ẹni tí ó bá kí ọ ń sọ fún ọ pé òun rí ọ, òun mọ ohun tí o ń ṣe. Ẹni tí kò bá dáhùn ti sọ pé òun kò rí ẹni náà. Kò sí ohun tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè fi etí dídí sọ.

Àdúgbò tí à ń pè ní Ìlàjẹ yìí, lára àwọn apẹja tí ó ti etí òkun Oǹdó wá ni ó ti gba orúkọ. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní ilẹ̀ Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ nípa Ayélála yẹ ní ohun tí gbogbo wa ń rántí. Ẹrúbìnrin ni, wọ́n sì fi í rúbọ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, láti fi di májẹ̀mú àlàáfíà láàrin Ìlàjẹ àti Ìjọ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí ó jáde lẹ́nu rẹ̀ nípa bí ayé ṣe rí, òun ni ó di orúkọ rẹ̀, òun ni àwọn tí a fìyà jẹ fi ń ké pè é títí dòní kí ó bá wọn dá ẹjọ́ òtítọ́. Ẹ rò ó wò. Ẹni tí kò ní ẹbí níbẹ̀, tí kò ní agbára kankan, ọ̀rọ̀ kan ni ó kù ní ẹnu rẹ̀. Bí àwọn tí ó dúró níbẹ̀ bá ti di etí, kò bá máà sí Ayélála.

Síbẹ̀, àgbà tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo bẹ ẹ̀yin àgbà wa kí ẹ gbọ́ tẹnu àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú. Àbúrò mi obìnrin kì í yọ íàpíìsì ní ibùdókọ̀. Ní ọjọ́ kan mo gbà á, mo fi sí etí mi, kò sí ohùn kankan nínú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí àwọn ọkùnrin ìdí ọkọ̀ bá rò pé n kò gbọ́, wọ́n á fi mí sílẹ̀." Ọmọbìnrin tí ẹ pè ní aláfojúdi lè jẹ́ ẹni tí ó ń sá fún àfojúdi. Ẹlòmíràn wà tí ohun tí ó wà ní etí rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rọ tí dókítà fún un kí ó lè gbọ́ ìkíni yín gan-an. Èmi náà sì jẹ́wọ́ pé bí oníwàásù inú ọkọ̀ dáńfó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe òrìṣà ní èṣù, tí ó ń pe Èṣù ní ohun tí kì í ṣe, kíá ni mo máa ń wá íàpíìsì mi. Ó sàn ju kí á jà nínú ọkọ̀ lọ. Ní ìlú Èkó, níbi tí LASEPA ti ń ti ilé ìjọsìn àti ilé fàájì nítorí ariwo, ẹni tí ó dá orin tirẹ̀ gbọ́ láìfi di ẹrù sí etí aládùúgbò ṣe dáadáa. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ náà ni ti àjèjì: Olamide tí ó jẹ́ ọmọ Bàrígà, Yorùbá ni ó fi ń kọrin sí etí àwọn ọmọ wa.

Ewu ara náà wà, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé àwọn ọ̀dọ́ tí ó ju bílíọ̀nù kan lọ ni ó wà nínú ewu pé ariwo orin lè ba etí wọn jẹ́. Ní ojú ọ̀nà tí típà oníyanrìn àti ọ̀kadà ti ń gbá ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tí ó di etí méjèèjì ti fi ẹ̀mí rẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Orí ẹni a máa gbè wá, ṣùgbọ́n orí náà fún wa ní etí.

Kí ni kí á wá ṣe? Olúwo wa kò ní kí n ju íàpíìsì nù, n kò sì ní sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ògún ni ó ni irin, kò sí ẹ̀rọ tí ó jẹ́ àjèjì sí wa. Ohun tí a fẹnu kò lé lórí nínú ẹgbẹ́ wa nìyí, mo sì fi lọ ẹ̀yin ẹgbẹ́ mìíràn. Bí a bá ti wọ àdúgbò tí wọ́n ti mọ̀ wá, etí kan yóò wà ní ṣíṣí. Bí a bá rí àgbà lókèèrè, a ó yọ ọ́ kí ó tó pè wá, a ó sì jẹ́ kí ó rí i pé a yọ ọ́, nítorí pé yíyọ náà ti di ìkíni, gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin ṣe ń ṣí fìlà. Ní ojúbọ àti ní ìdí Ifá, kò gbọdọ̀ wọ inú ilé. Ẹ̀yin àgbà náà, bí ọmọ kò bá dá yín lóhùn, ẹ fọwọ́ kàn án léjìká kí ẹ tó fi í sùn.

Èkejì wà ní ọwọ́ gbogbo wa. Ní 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fúnni ní ìsinmi fún ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Ọjọ́ kan lọ́dún ni ìyẹn. Ọjọ́ tí ó kù, ojú títì ni a ó ti gbà á. Ẹ jẹ́ kí ìdẹ wà ní ọrùn ọwọ́ ní gbangba. Ẹ jẹ́ kí á máa ka ẹsẹ wa sókè bí àwọn tí ó kì nǹkan bọ etí ṣe ń sọ̀rọ̀ sókè láìbẹ̀rù, kí ojú ayé lè mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ kí wọ́n bu ọlá fún ohun tí ó wà ní ọwọ́ wa, a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ohun tí ó wà ní etí wa sọ wá di aláìlẹ́kọ̀ọ́ níwájú ẹlẹ́ja àti oníbàárà rẹ̀.

Mo ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí mo bá ti rí èéfín ẹja lókèèrè ni mo ti ń yọ íàpíìsì. Ìyá kò tí ì sọ nǹkan kan sí i, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, kí n tó kúnlẹ̀ kí i, ó na ọwọ́, ó ní kí n gbé ọ̀kan wá kí òun náà fi gbọ́ ohùn Olúwo. Mo fi sí i létí. Ó gbọ́ ọ títí, ó mi orí, ó dá ẹsẹ náà lóhùn sókè ní àárín ọjà, àwọn oníbàárà sì dúró wò ó. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín.

Ìṣẹ̀ṣe làgbà. Kí etí wa má di. Àṣẹ.